Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alága Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Wa Lórí Ọ́fíìsì Onígíláàsì Tí Ẹ Fẹ́ Kọ́ sí Ọ̀nà Gbọ̀ngán

Sí Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Ìkọ́lé,
Òṣogbo.

Alága wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì kí àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá ni ẹ na àwòrán ọ́fíìsì tuntun sára ògiri fún wa: ilé alájà mẹ́rin, gíláàsì aláwọ̀ búlúù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, tí ojú rẹ̀ kọ sí ìwọ̀-oòrùn nítorí pé ibẹ̀ ni títì gbà kọjá. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn àtẹ́wọ́ ni ẹ kéde pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ti wó ọ́fíìsì àtijọ́, àti pé kí ẹni tó bá ní ohun láti sọ kọ ọ́ wá. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi lé akọ̀wé lọ́wọ́. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò fún mi lésì. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síta, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Ẹdẹ, Ìkìrun àti Ìlobùú lè kà á, kí àwọn mìíràn ní Òṣogbo tí wọ́n ń gbèrò irú ilé bẹ́ẹ̀ sì lè bá wa dá sí i. N kò dárúkọ ẹgbẹ́ wa. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kà á yóò mọ̀ pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọdún 22 ni mo fi ṣe alábòójútó ilé fún oríṣiríṣi iléeṣẹ́ ní ìlú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mò ń pe ẹni tó ń tún amúlétutù ṣe, èmi ni mò ń ki ọ̀pá bọ inú táǹkì dísẹ́ẹ̀lì ní àràárọ̀ tí mo sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, èmi náà ni wọ́n ń wá wá bí òrùlé bá ń jò. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ. Èéfín kábọ́ọ̀nù (ìyẹn gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì tó ń mú ayé gbóná, tí n ó kàn máa pè ní kábọ́ọ̀nù) tí ọ́fíìsì kan yóò tú sójú ọ̀run láti ọjọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọn yóò wó o, orí pépà ayàwòrán ilé ni wọ́n ti ń pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí bíríkìlà tó po sìmẹ́ǹtì àkọ́kọ́. Bí a bá ti fọwọ́ sí àwòrán tí kò dára, àtúnṣe tí a bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ju ká máa gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ojú omi tó ti lu.

1. Ilé tí ẹ fẹ́ wó ti san gbèsè tirẹ̀ tán.

Wọ́n ti kọ́ ọ́fíìsì àtijọ́ yẹn kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè jókòó sójú fèrèsé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwá àti lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn méje inú rẹ̀ ló jẹ́ ìrókò, ikán kò sì fọwọ́ kan ọ̀kankan. Gbogbo èéfín tí kíkọ́ rẹ̀ mú wá ti jáde tipẹ́. Bí a bá wó o, a ó da ohun tí a ti sanwó rẹ̀ nù, ọkọ̀ típà yóò kó àwókù rẹ̀ lọ dà síbì kan, a ó sì wá jẹ gbèsè tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé gbèsè náà, nítorí mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín sọ níbi ìpàdé pé ilé kì í ṣe mọ́tò, pé kì í tú èéfín. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò. Wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀, wọ́n á sì sun ún nínú iná ìléru tó ń gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Epo tàbí gáàsì tí wọ́n fi ń dáná náà ń tú kábọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n òkúta ẹfun fúnra rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù nínú, bí ó bá sì ti gbóná dé ibi kan, yóò pọ̀ ọ́ jáde. Ó ju ìdajì èéfín sìmẹ́ǹtì lọ tó jẹ́ pé inú òkúta náà ló ti ń wá, kì í ṣe inú epo. Nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ fi iná tó mọ́ jù lọ láyé sun ún, èéfín rẹ̀ kò ní tán. Àfi kí a lo sìmẹ́ǹtì tí kò pọ̀. Tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn 20 bàgì, ń tú nǹkan bíi kílò 600 sí 900. Tí a bá kó gbogbo kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú jáde jọ, nǹkan bíi ìdá 8 nínú 100 ló jẹ́ ti sìmẹ́ǹtì. N kò tíì ka irin, n kò tíì ka alumíníọ̀mù tí yóò di gíláàsì yẹn mú, alumíníọ̀mù sì wà lára àwọn ohun tó ń jẹ iná jù lọ láti ṣe.

Mo mọ èsì yín: ilé náà ti gbó, ó sì kéré. Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì pe ẹnjiníà kankan kí ó yẹ ìpìlẹ̀ àti òpó rẹ̀ wò, kí ó sọ bóyá ó lè gba àjà kan sí i, tàbí bóyá a lè kọ́ apá tuntun mọ́ ọn lẹ́yìn, níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. Bí ẹnjiníà bá sọ pé kò lè dúró mọ́, n ó fara mọ́ ọn, n kò sì ní yanu lórí ìyẹn mọ́.

2. Ìhà tí ẹ kọjú ilé sí.

Lórí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Òṣogbo kò tó ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní ọ̀sán gangan, òkè orí ni oòrùn ń wà fún wa, nígbà mìíràn ó yẹ̀ díẹ̀ sí àríwá, nígbà mìíràn sí gúúsù. Oòrùn tó wà lókè báyẹn, ìborí kékeré lórí fèrèsé ti tó láti dí i. Ṣùgbọ́n oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í wá láti òkè. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń dojú kọ ògiri tààrà, ìborí kankan kò sì lè dá a dúró àfi bí a bá bo fèrèsé náà pátápátá. Gíláàsì wá ń gbà á wọlé, tábìlì àti ilẹ̀ ń gba ooru rẹ̀ sára, ooru náà kò sì rọ́nà jáde mọ́, bí inú ọkọ̀ tí a ti gíláàsì rẹ̀ tí a gbé sínú oòrùn.

Ọ́fíìsì kan wà tí mo bójú tó rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé gíláàsì ni wọ́n fi ṣe gbogbo ojú rẹ̀ tó kọ sí ìwọ̀-oòrùn. Obìnrin kan tó ń ṣe ìṣirò owó ní àjà kejì lẹ kàlẹ́ńdà àtijọ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ó dojú gbogbo wọn kọ ìta. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù, ẹni tó bá fọwọ́ kan irin ojú fèrèsé yẹn yóò yára gbọ́wọ́ kúrò. Amúlétutù ń ké láti àárọ̀, ìwọ̀n 16 ni wọ́n fi í sí, síbẹ̀ aṣọ ìnujú kò kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà. Nítorí pé kàlẹ́ńdà ti dí gíláàsì, yàrá ṣókùnkùn, iná sì ń tàn lórí wọn lọ́sàn-án gangan. Ẹ wò ó: wọ́n ra gíláàsì lówó gọbọi kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, wọ́n fi pépà dí i, wọ́n wá ń ra dísẹ́ẹ̀lì láti tan iná. Mo ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní kí n lọ ra kọ́tìnì.

Bí a bá yí ilé wa padà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn kọ sí àríwá àti gúúsù, tí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú, tí kò ní ju fèrèsé díẹ̀ lọ, kọ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, kò ní gbà wá ní kọ́bọ̀ kan àfikún. Kìkì pé kì í ṣe ojú ilé ni yóò máa wo títì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Ilẹ̀ wa gùn tó láti gbà á. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

3. Amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀.

Mo ka àpótí amúlétutù tó wà lẹ́yìn ilé inú àwòrán yín: ó jẹ́ 34. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ẹlẹ́ṣin kan àbọ̀ (1.5 HP), tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, yóò gba nǹkan bíi kílówáàtì 40. Òṣogbo yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń rí ládùúgbò wa. Jẹnẹrétọ̀ ni yóò gbé e. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń jó nǹkan bíi lítà 12 ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ ká fi sí wákàtí mẹ́rin péré lójúmọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 250 lọ́dún: lítà 12,000 nìyẹn. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń tú nǹkan bíi kílò 2.7 kábọ́ọ̀nù. Ọdún kan yóò jẹ́ tọ́ọ̀nù 32. Bí ilé náà bá lo 60 ọdún, ó ti ju tọ́ọ̀nù 1,900 lọ, èéfín tó ju ti 40,000 bàgì sìmẹ́ǹtì lọ. Ilé tí a rò pé a ti kọ́ tán ni yóò máa jó bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lè sọ pé a ó gbé sólà sórí òrùlé. Ó dára, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òrùlé ilé alájà mẹ́rin kò tóbi ju ilẹ̀ àjà kan lọ, àjà mẹ́rin ló sì fẹ́ jẹun lórí rẹ̀. Kí sólà àti bátìrì tó lè gbé amúlétutù 34, owó tí a ní kò tó o. Bí a bá fi àwòrán dín ooru kù, tí fáànù bá tó fún ọ̀pọ̀ yàrá, sólà tí agbára wa ká yóò tó, a sì lè máà ra jẹnẹrétọ̀ ńlá yẹn rárá.

4. Gáàsì inú amúlétutù.

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ń sọ ọ́. Ẹ ti rí àwọn tó ń yọ amúlétutù níbi tí wọ́n ti fẹ́ kó lọ sílé mìíràn: wọ́n á tú ẹnu páìpù rẹ̀, ẹ ó gbọ́ “ṣíììì”, ó tán. Nínú ọ̀pọ̀ amúlétutù tó wà lọ́jà, R-410A ni gáàsì yẹn, kílò kan rẹ̀ sì ń mú ayé gbóná ju kílò 2,000 kábọ́ọ̀nù lọ. Gáàsì R-290 wà, tí agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, àmọ́ ó lè gbiná, nítorí náà ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó fọwọ́ kàn án. Bí àwòrán bá dín amúlétutù láti 34 sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀rọ̀ gáàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú fúnra rẹ̀.

5. Ohun tó ṣeé ṣe, tí àwọn mìíràn ti ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń sọ pé kí a padà sínú ahéré. Nǹkan bíi wákàtí kan ni Ilé-Ifẹ̀ sí wa. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn ilé tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, yà fún wọn ní àwọn ọdún 1960 ṣì dúró. Ẹ dúró sí ìdí èyí tí ẹ̀ka ìmọ̀ ọmọnìyàn ń lò, ẹ gbójú sókè: àjà kejì yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ẹ̀kẹta yọ ju èkejì lọ, tó fi jẹ́ pé àjà òkè ni agboòrùn fún ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òjò kò wọlé, oòrùn kò wọlé, atẹ́gùn sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Maxwell Fry àti Jane Drew ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, kí atẹ́gùn lè gba iwájú wọlé kí ó sì gba ẹ̀yìn jáde, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù oníhò tí ń dí oòrùn. Ẹni tó bá mọ àkòdì inú agbo ilé àwọn bàbá wa, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká, yóò mọ̀ pé wọn kò kọ́ wa ní ohun tuntun.

Ní Gando, orílẹ̀-èdè Burkina Faso, Francis Kéré fi bíríkì amọ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ó gbé páànù òrùlé sókè kúrò lórí sílíǹgì kí atẹ́gùn lè máa gbá ooru lọ láàárín méjèèjì. Ní 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ ìyàwòrán ilé. Ní Harare, olú-ìlú Zimbabwe, Mick Pearce ya ilé ńlá Eastgate Centre, tí wọ́n parí ní 1996. Atẹ́gùn òru ni wọ́n ń fi tu ilẹ̀ àti ògiri rẹ̀ tó nípọn, kò ní irú amúlétutù tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ayàwòrán kankan má kàn da ti Harare kọ fún wa o. Ibi gíga ni Harare wà, òru ibẹ̀ tutù. Òru Òṣogbo nínú oṣù kẹta kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin sì wà nínú afẹ́fẹ́ wa. Ìbòòji, fèrèsé tó kọjú síra wọn, òrùlé funfun tó ń dá oòrùn padà àti àlàfo lábẹ́ páànù ló bá wa mu.

Ní ti ohun èlò, NBRRI, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí lórí ilé àti ọ̀nà, ti ń polongo búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, wọn kì í sun ún níná, ẹnu ọ̀kan sì ń wọ inú ẹnu èkejì débi pé a kì í fi sìmẹ́ǹtì púpọ̀ so wọ́n pọ̀. Ilẹ̀ pupa kún Òṣogbo. Kí a má sì fi òpó jìnnà síra jù nítorí gbọ̀ngàn ńlá tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí òpó bá ti jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni kọnkéré àti irin tó wà láàárín wọn yóò ṣe nípọn tó.

6. Ariwo, eruku àti iyì.

Akápò sọ fún mi lójúkojú pé ènìyàn kò lè ṣí fèrèsé ní ọ̀nà Gbọ̀ngán nítorí ariwo ọkọ̀, eruku ọyẹ́ àti ẹ̀fọn. Òótọ́ ló sọ nípa ariwo. Ìdí mìíràn nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ ilé fi yẹ kó kọ sí títì, kí yàrá iṣẹ́ wà nínú, kí a gbin igi sáàárín. Nẹ́ẹ̀tì ń dí ẹ̀fọn. Inú ọyẹ́, a ó ti fèrèsé, kò sì sí ẹni tí ooru àárọ̀ ọyẹ́ ń pa. Yàrá kọ̀ǹpútà àti yàrá ìpàdé kékeré lè ní amúlétutù. N kò bá wọn jà.

Ní ti iyì, ọ́fíìsì kan tí mo bójú tó tú sílíǹgì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́wàá, nítorí pé ọ̀gá tuntun dé, ó sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé òun dé. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìṣirò èéfín ilé náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á.

7. Òfin.

Ní 2021, Nàìjíríà ṣe òfin lórí àyípadà ojú ọjọ́, ó sì ti ṣèlérí pé nígbà tó bá fi máa di 2060, èéfín tí a ń tú kò ní ju èyí tí a ń gbà padà lọ. Òfin náà mẹ́nu ba iléeṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣáájú rẹ̀, ní 2017, ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìlànà jáde lórí bí ilé ṣe lè máa lo iná níwọ̀nba, láti orí fèrèsé àti òrùlé dé orí amúlétutù. Ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ yìí ṣì máa dúró ní 2060. Àwọn ọmọ wa ni yóò máa wá ọ̀nà láti tún un ṣe.

Nítorí náà, Alága wa, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí ẹ dá wíwó ilé dúró títí ẹnjiníà yóò fi yẹ ọ́fíìsì àtijọ́ wò, kí a sì ka ìwé rẹ̀ ní ìpàdé. Kí ayàwòrán mú àwòrán kejì wá, tí ilé ti yí padà, tí ìbòòji wà lórí gbogbo fèrèsé. Kí ó ṣírò èéfín àwòrán méjèèjì fún 60 ọdún, láti orí sìmẹ́ǹtì, iná, gáàsì àti àtúnṣe, dé orí wíwó, kí ó kọ ọ́ sórí pépà kan ṣoṣo lédè Yorùbá, kí ìyá tó ń ta gààrí tó sì ń san owó ẹgbẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù lè lóye ohun tí a fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe. Bí ó bá wá di dandan pé kí a wó o, kí ó wà nínú ìwé àdéhùn pé ilẹ̀kùn ìrókò méje, pákó òrùlé àti búlọ́ọ̀kù tó bá ṣì dára kò ní bá típà lọ. Kí ẹ pe ìpàdé pàjáwìrì lórí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 21.

Ìwé tí mo fi ń ṣàkọsílẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì wà nílé, mẹ́sàn-án ni wọ́n. N ó kó wọn wá sí ìpàdé náà. Orúkọ àwọn iléeṣẹ́ nìkan ni n ó fi pépà bò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ẹgbẹ́ yín, alábòójútó ilé tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.